Bàbá, Ẹ Má Tíì Gbé Kọ́kọ́rọ́ Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnkọ́ Ìwakọ̀ Fún Àwọn Àgbà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Kọ́bapẹ́)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ni a óò sọ, nítorí báǹkì ni a ti ń jẹun. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ owó di ọjọ́ mìíràn. Ní ìpàdé wa kan, nígbà tí a ń múra àjọyọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ tí kò sí nínú ìwé ètò, ó sì gba wákàtí méjì lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa ló dìde, ó ní: “Ẹ gbà mí o. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ bàbá mi. Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.” A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a wo ojú rẹ̀ dáadáa ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Ẹnì kejì ní irú rẹ̀ wà nílé tòun. Ẹnì kẹta ní ìyá òun ni tòun. Kí ìpàdé tó tú, a ti ka ilé méje nínú ẹgbẹ́ wa tí ìjà kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wọ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi yan àkòrí yìí. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ yìí ti lé ní ogójì ọdún. A ti ní òbí tó ti dàgbà, a sì ti ń súnmọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra wa. Ohun tí a bá ṣe fún wọn lónìí ni àwọn ọmọ wa ń wò, òun náà ni wọn yóò ṣe fún wa.

Ohun tí mọ́tò jẹ́ fún wọn

Kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló ra mọ́tò àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn tí owó Udoji wọlé. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ó sì san owó ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1975 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síṣẹ́ ṣe bọ́ sínú Volkswagen ìjàpá, tí ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba sì bọ́ sínú Peugeot 504.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà yóò rántí bí ọjọ́ tí mọ́tò bá wọlé ṣe máa ń rí. Wọ́n á bu omi tútù sí ẹsẹ̀ táyà, àlùfáà á gbàdúrà, àwọn ẹbí á wọ inú rẹ̀ títí tí ilẹ̀kùn kò fi ní lè tì. Láti ọjọ́ náà, orúkọ bàbá yí padà ní àdúgbò: ó di “Bàbá Onímọ́tò.” Mọ́tò yẹn ló gbé aláboyún lọ sí ọsibítù lóru, òun ló gbé òkú bọ̀ láti Èkó, òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ni ín kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó jáde nílé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Ìtàn ìlú wa sọ pé Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ìyá wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti oníṣòwò aṣọ ló tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ yẹn. Ìyá tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí Kútọ̀ kó ọjà kò kéré rárá.

Yàtọ̀ sí iyì, ìgbádùn tún wà ńbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè. Láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ìrì ṣì ń bọ́, tí ojú ọ̀nà láti Kọ́bapẹ́ yìí lọ sí Síùn ṣì dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń dún bó ṣe yẹ kó dún, kò sí ohun tó dà bí i. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa sọ fún wa pé inú mọ́tò nìkan ni orúnkún kì í ti í dun òun. Nítorí náà, bí ọmọ bá na ọwọ́, tó ní “Bàbá, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá,” irin kékeré kọ́ ló gbà yẹn. Ó gba ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Òwódé, ó gba ìsìn òwúrọ̀, ó gba ìsìnkú ọ̀rẹ́, ó gba àṣẹ lórí ara ẹni.

Ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà padà sí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé àgbà kì í kọ́ nǹkan tuntun. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 1972. Ọjọ́ Àjíǹde ni. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, Dàhòmì tó di Benin, Niger, Chad àti Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní kí gbogbo wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó sùn ní awakọ̀ ọwọ́ òsì jí ní awakọ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Ghana ṣe tiwọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1974.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ti ń wakọ̀ fún ogún ọdún, tí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti mọ ibi tí ewu ti ń wá, ní láti yí gbogbo rẹ̀ padà láàárín òru kan. Oríta ìyípo tí a máa ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún di èyí tí a ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Ẹni tó fẹ́ kọjá títì, tó máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ní láti kọ́kọ́ wo òsì. Oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, wọ́n tún gba pọ́n-ún àti ṣílè lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní náírà àti kọ́bọ̀. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ nínú iṣẹ́ báǹkì ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà wa kọ́ méjèèjì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, àwọn tí a ń pè ní olórí kunkun yìí ti ṣe àtúnkọ́ ìwakọ̀ rí, èyí tó le jù lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pè wọ́n sí kíláàsì mọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìwé ìwakọ̀ wa ní Nàìjíríà máa ń lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, ṣùgbọ́n tí a bá lọ tún un gbà, owó àti àwòrán ni ọ̀pọ̀ wa máa ń bá lọ. Ta ló tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú mọ́tò kó wò wá bí a ṣe ń wà á?

Ní iṣẹ́ báǹkì tiwa, kò sí ọdún tí wọn kì í pè wá sí ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti ka owó fún ogún ọdún yóò tún jókòó, wọ́n á tún sọ fún un bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é báyìí. Kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn sí àbùkù. Ó yẹ kí bẹ́ẹ̀ rí fún ìwakọ̀ pẹ̀lú.

Ara yí padà, mọ́tò yí padà, ọ̀nà náà yí padà

A kò sọ pé àwọn àgbà ni wọ́n ń fa jàǹbá jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 190 ènìyàn ni jàǹbá ọ̀nà ń pa lọ́dún ní gbogbo àgbáyé, àti pé jàǹbá ọ̀nà ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun lọ. Eré àsápajúdé kì í sábà jẹ́ ti àgbà. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, egungun àgbà kì í gbà á bí ti ọ̀dọ́, àwọn nǹkan kan sì wà tó ń yí padà tí ẹni tó ń yí padà kò mọ̀.

Ojú ni ti àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, ojú máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i kó tó ríran, iná mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú á sì máa fọ́ ọ lójú pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Cataract ń bẹ, àwọ̀ bíi kùrukùru tó ń bo ẹyinjú, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Glaucoma tún ń bẹ, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí burú ní ti pé kì í dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ènìyàn á máa ríran níwájú dáadáa, kò ní rí ọlọ́kadà tó ti ẹ̀gbẹ́ yọ. Ohun tó bá ti bàjẹ́ nínú ojú náà kì í padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn lè dá a dúró.

Lẹ́yìn ojú, ọrùn. Ọrùn tí kò yí dáadáa kò lè wo ẹ̀yìn kó tó yà. Lẹ́yìn ọrùn, ẹsẹ̀. Mọ́tò tó ń sá ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, tí òfin gbà láàyè ní ọ̀nà ìlú sí ìlú, ń lọ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré pẹ́ kó tó dé orí búréèkì, mọ́tò ti lọ jìnnà sí i tó gígùn bọ́ọ̀sì ńlá méjì. Oògùn náà ńkọ́? Oògùn kátáà àti ti ara yíyún, irú Piriton, máa ń mú oorun wá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó lo oògùn láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Mélòó nínú wa ló ti bi dókítà léèrè pé, “Ṣé mo lè wakọ̀ lẹ́yìn oògùn yìí?”

Mọ́tò náà ti yí padà. Nígbà ayé Peugeot 504, wọ́n kọ́ àwọn bàbá wa pé bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, kí wọ́n máa tẹ búréèkì kí wọ́n máa tú u, kí táyà má bàa di gan-in. Ẹ̀kọ́ gidi ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń gùn báyìí ní ABS, mọ́tò ló ń ṣe ìtẹ̀-ìtú náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà á gbọ́dọ̀ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó má sì tú u, bó tilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá tó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó ń tú u nínú mọ́tò tuntun ń fi ọgbọ́n àná ba ti òní jẹ́. Bákan náà, wọ́n kọ́ wọn láti di ìtọ́kọ̀ mú ní ibi tí aago mẹ́wàá àti aago méjì máa ń wà. Lónìí, báàgì afẹ́fẹ́ wà nínú ìtọ́kọ̀. Bó bá bú jáde, ó lè gbá ọwọ́ mọ́ ojú. Ibi aago mẹ́sàn-án àti aago mẹ́ta ni kí ọwọ́ wà, kí àyà sì jìnnà sí ìtọ́kọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25.

Ọ̀nà tún ńkọ́? Kọ́bapẹ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀, oko àti igbó ló wà ní apá méjèèjì. Lónìí, ilé ti kún, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé epo ti pọ̀, tírélà àti típà ń bá wa du ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù. Ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ tí kò tọ́. Nínú ìlú, afárá gogoro ti wà ní Ìbarà, àwọn ibi tí a ti ń yà lọ́jọ́ kìíní kò ṣeé yà mọ́. Ẹni tó bá ń fi àwòrán Abẹ́òkúta ọdún 1985 wakọ̀ yóò dúró sáàárín títì láti ronú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá ọmọ ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, wọ́n fẹ́ yà wọ ọ̀nà ilé, wọ́n sì gbá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn ọmọ, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Láàárín oṣù méjì, bàbá kò lọ sí ìpàdé mọ́, wọn kì í jẹun tán, ìdí fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa wo mọ́tò tó dá dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá wọn sọ pé: “Ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ wá gbé wọn jókòó bí ẹrù.”

Lẹ́yìn ìpàdé wa yẹn, a gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kó lọ dọ̀bálẹ̀ ná, kó tó sọ ohunkóhun. Ó lọ. Kò sọ fún bàbá pé wọn kò mọ mọ́tò wà mọ́. Ó ní: “Bàbá, mo fẹ́ lọ kọ́ ìwakọ̀ lákọ̀tun ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ.” Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní: “Ìwọ gan-an ló yẹ kó lọ.” Wọ́n jọ lọ, àwa méjì nínú ẹgbẹ́ sì bá wọn lọ.

Òwúrọ̀ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ kìíní, a kò tan mọ́tò rárá. Olùkọ́ náà ní kí bàbá jókòó, ó bá wọn sún àga síwájú, ó gbé dígí ẹ̀gbẹ́ síbi tó yẹ. Bàbá ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn ti ń wo ọ̀run nínú dígí yẹn. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí bàbá máa wo iwájú kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n bá rí ìka. Apá ọ̀tún, wọ́n rí i kíá. Apá òsì, ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú kí wọ́n tó rí i. Gbogbo wa dákẹ́. Apá òsì ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ wọn gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Glaucoma ni. Kò tíì pọ̀, oògùn ojú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n máa wakọ̀ lójú mọmọ nìkan, a lọ sí ọjọ́ kejì. Olùkọ́ kọ́ wọn láti máa yí orí dípò ojú, kí wọ́n máa dúró pátápátá ní oríta, kí wọ́n sì máa ka ẹni, èjì, ẹ̀ta kí wọ́n tó wọ ọ̀nà. Ó kọ́ wọn ní búréèkì ABS ní pápá kan tó ṣófo. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n, wọ́n fẹ́ tú u, olùkọ́ ní “Ẹ má tú u, sà!” Mọ́tò dúró gbọn-in. Bàbá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe.

Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́ ní kí àwa tí a mú bàbá wá náà wakọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ojú tì wá. Ọ̀kan nínú wa fi ọwọ́ kan wakọ̀, ọwọ́ kejì wà lórí fóònù. Ẹnì kejì súnmọ́ ìdí típà tó wà níwájú débi pé a lè ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà rẹ̀. Ọmọ bàbá gan-an kò fún ẹnikẹ́ni ní àmì kó tó yà. Olùkọ́ kọ máàkì sílẹ̀, bàbá ló gba máàkì tó pọ̀ jù. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n ní: “Bọ́ sẹ́yìn.” Àwọn ló wà wá dé Kọ́bapẹ́. Láti oṣù méjì, ọjọ́ náà ni bàbá àti ọmọ kọ́kọ́ jọ rẹ́rìn-ín.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nìyí, bàbá ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́: a kì í wakọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a kì í wakọ̀ nínú òjò ńlá, a kì í lo oògùn kátáà kí a tó jáde, a ó máa lọ rí dókítà ojú nígbà tó bá dá fún wa, lọ́dọọdún, a ó padà sọ́dọ̀ olùkọ́. Ọmọ náà fọwọ́ sí i, nítorí bàbá ní òfin náà kan òun pẹ̀lú, àyàfi ti aago mẹ́fà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí a rí ní òwúrọ̀ mẹ́ta yẹn nìyẹn.

Bí àkókò bá tó láti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀

A kò ní tan ara wa jẹ. Kì í ṣe gbogbo ilé ló máa parí báyìí. Ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan náà lọ sí irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbàgbé ọ̀nà tó lọ sílé àwọn, ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n pa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ, wọ́n sì gbé e lé olùkọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló mú ìpinnu. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ohun tí ènìyàn gbé sílẹ̀ àti ohun tí a já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá sì di bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kù fún àwa ọmọ. Ẹni tó bá gba mọ́tò lọ́wọ́ àgbà ti di mọ́tò àgbà náà. Bí ìyá bá ń lọ sí ọjà ní ọjọ́ ọjà, tó ń lọ síbi ìsìn, tó ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ṣágámù, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò máa gbé e lọ, kí ẹni náà sì dé lásìkò. Ọmọ tí kò lè ṣe èyí kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kọ́kọ́rọ́.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó jẹ́ ti ilé nìkan. Ní Japan, ẹni tó bá ti pé ọmọ 70 ọdún gbọ́dọ̀ lọ sí kíláàsì àwọn awakọ̀ àgbà kó tó lè tún ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ gbà. Bó bá ti di 75, wọ́n á tún yẹ ìrántí rẹ̀ wò. Ní Ìlú Ọba, ìwé ìwakọ̀ máa ń parí nígbà tí ènìyàn bá pé 70, yóò sì máa tún un gbà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní AARP ti ń ṣe kíláàsì àtúnkọ́ láti ọdún 1979, ó sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan pé ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń dín owó kù fún ẹni tó bá lọ. Ẹ kíyè sí i: ẹgbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, kì í ṣe ìjọba. Àwa náà, ẹgbẹ́ ni wá.

Àbá wa

Kì í ṣe àjèjì ni ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà jẹ́ sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ló léwájú ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ọdún 1977, òun náà ló sì kọ́kọ́ ṣe alága Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988. Ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ní orúkọ ìgbìmọ̀, àbá tí a gbé wá síwájú ẹgbẹ́ nìyí. Ọdún kẹwàá ni a ń ṣe. Kí ẹgbẹ́ yan àgbà mẹ́wàá ní Kọ́bapẹ́ àti àyíká rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ṣì ń wakọ̀, kí a sanwó àyẹ̀wò ojú àti òwúrọ̀ mẹ́ta àtúnkọ́ ìwakọ̀ fún wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá àgbà kọ̀ọ̀kan lọ, kí òun náà jókòó, kí òun náà wakọ̀, kí wọ́n fún un ní máàkì tirẹ̀. Bí a bá bi wá pé níbo ni owó yóò ti wá, akápò ti ṣírò rẹ̀: màlúù méjì ni a máa ń pa ní àsè ìparí ọdún. Kí a pa ẹyọ kan lọ́dún yìí. Ẹran tí a kò jẹ kò ní pa wá.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a kò pè yín sí kíláàsì nítorí pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbé wa lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ padà lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá délé lálẹ́ òní, kí a má na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Kí a wọ mọ́tò pẹ̀lú wọn ná, kí a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí a dákẹ́, kí a wò.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a pàdé agbako lójú ọ̀nà. Bí a ṣe jáde lónìí, bẹ́ẹ̀ ni a óò délé láyọ̀. Ẹgbẹ́ wa yóò ṣe ogún ọdún, yóò ṣe ọgbọ̀n, àwọn tó wà níhìn-ín yóò sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá wa yọ̀, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wakọ̀ wá.